Dàńṣíkí Àwọn Ajá Lake Arbor

Lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé, nígbà tí àwọn ọmọ wọn bá wà níbi iṣẹ́, àwọn bàbá mẹ́ta kan máa ń pàdé ní yàrá ìsàlẹ̀ ilé kan ní Lake Arbor, lókè òkun, láti wo tẹlifíṣọ̀n. Ẹni tó dàgbà jù nínú wọn ni Kọ́ládé, sọ̀fíọ̀, awọnlẹ̀ tó ti fẹ̀yìntì, tó ń gbé lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ obìnrin, Wùnmí, ní Springdale. Èkejì ni Taofeek, tó ṣe mẹkáníìkì ọkọ̀ akérò n'Ìbàdàn títí orúnkún rẹ̀ fi kọ̀. Ilé ọmọ rẹ̀, Ọpẹ́, ni yàrá ìsàlẹ̀ yẹn wà. Ẹ̀kẹta ni Mùíbì, télọ̀ ará Ìsàlẹ̀ Èkó, tó ń gbé pẹ̀lú ọmọ rẹ̀ Muadh ní òpópónà tó tẹ̀ lé ti Ọpẹ́.

Ohun tí wọ́n ń wò ni eré apanilẹ́rìn-ín kan láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n ṣe eré náà pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn kan lára àwọn tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ fi kú sẹ́nu iṣẹ́. Àwọn arúgbó òyìnbó ni, ní abúlé olókè kan, wọn ò níṣẹ́ lọ́wọ́, wọn ò sì gbà láti jókòó sílé. Wọ́n á gun òkè, wọ́n á sọ̀rọ̀ tí kò lórí tí kò nídìí, wọ́n á ṣe ohun tí kò yẹ kí àgbà ṣe, wọ́n á sì já sínú omi. Bó ṣe máa ń rí nìyẹn. Lọ́sẹ̀ kejì wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀.

Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ń sọ nínú eré náà kò yé Taofeek àti Mùíbì. Kọ́ládé, tó ti gbé ìlú Leeds rí nígbà tó ń kàwé, ló máa ń túmọ̀ rẹ̀ fún wọn. Kò yé òun náà, ṣùgbọ́n ó máa ń túmọ̀ rẹ̀.

"Kí ló wí?" Mùíbì á béèrè.

"Ó ní ìyàwó òun ò jẹ́ kí òun ráyè mí."

"Òótọ́ ló sọ."

Lọ́jọ́ kan, ọ̀kan nínú àwọn arúgbó náà kò sí níbẹ̀ mọ́. Ẹlòmíràn ló jókòó síbi tó máa ń jókòó sí, kò sì sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀. Kọ́ládé ṣàlàyé pé ẹni yẹn ti kú lójú ayé ni wọ́n ṣe wá ẹlòmíràn dípò rẹ̀. Mùíbì béèrè ìgbà tí wọ́n sin ín. Kọ́ládé ní wọn ò fi ìyẹn hàn. Ọ̀rọ̀ náà bí Mùíbì nínú. Ó ní èèyàn kì í kúrò láàárín ọ̀rẹ́ báyẹn, kí àwọn tó kù sì máa gun òkè lọ bíi pé aṣọ ni wọ́n pààrọ̀.

Ṣùgbọ́n iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n náà kì í fi eré hàn bó ṣe tò tẹ̀ léra. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kejì, ọkùnrin náà ti padà, ara rẹ̀ le koko, ó ń sá fún obìnrin kan.

"Ẹ ò rí i," ni Mùíbì wí. "Ìrìn àjò ló lọ."

Mùíbì ni aṣáájú wọn nínú ohunkóhun tí kò bá yẹ àgbà. Adágún omi kan wà ní àdúgbò náà, ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ sì yí i ká. Àwọn gúúsì, pẹ́pẹ́yẹ ńláńlá ọlọ́rùn gígùn yẹn, ti sọ ọ̀nà ọ̀hún di ṣáláńgá. Ni ẹgbẹ́ àwọn onílé bá ra ère kàyótì mẹ́ta láti fi lé wọn. Kàyótì ni ajá inú igbó níhìn-ín. Oníke ni àwọn tí wọ́n rà, ìrù wọn nìkan ló ní irun. Wọ́n gbé méjì kalẹ̀ sétí omi, wọ́n sì de ẹ̀kẹta mọ́ orí pèpéle onípákó kan tó léfòó láàárín adágún. Àwọn gúúsì wá wò wọ́n. Wọ́n yàgbẹ́ sí wọn lẹ́sẹ̀, wọ́n sì sùn tì wọ́n.

"Ohun tó fà á ò ṣòro," ni Mùíbì sọ, nígbà tí àwọn mẹ́ta ń rìn lọ lẹ́bàá omi. "Ìhòòhò ni wọ́n wà. Ta ló ń bẹ̀rù ẹni tó wà níhòòhò?"

Ó yọ téèpù lápò, ó kúnlẹ̀ lórí koríko, ó sì wọn àyà ajá oníke náà, ó wọn ọrùn, ó wọn ẹ̀yìn títí dé ìdí ìrù. Obìnrin kan tó ń sáré ìdárayá kọjá, ó kí wọn. Wọ́n dá a lóhùn.

"Dàńṣíkí ni mo máa rán fún wọn," ni Mùíbì wí, "pẹ̀lú fìlà."

"Irú fìlà wo?" Taofeek béèrè.

Mùíbì wò ó bí ẹni ń wo ọmọ tí kò gbọ́n.

"Abetí ajá," ó ní.

Ní oṣù Kẹrin, láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì kan, Mùíbì kírun tán, ó jókòó láti so okùn bàtà rẹ̀, kò sì dìde mọ́. Àwọn Mùsùlùmí kì í fi òkú falẹ̀, wọ́n ṣètò pé lẹ́yìn Jímọ́ọ̀ ni wọ́n máa sin ín. Muadh tẹ Kọ́ládé láago. Kọ́ládé tẹ Wùnmí láago, ṣùgbọ́n nọ́ọ̀sì ni Wùnmí, ẹnu iṣẹ́ ló sì wà; fóònù rẹ̀ wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù tí wọ́n máa ń tì. Kọ́ládé wọ agbádá funfun, ó gbé àga sẹ́nu ọ̀nà, ó jókòó. Muadh rò pé Taofeek máa mú un wá. Taofeek, tí Ọpẹ́ ti sáré gbé lọ sílé olóòkú, rò pé Wùnmí ló ń gbé e bọ̀. Nígbà tí ẹnì kan máa rántí béèrè rẹ̀, wọ́n ti da erùpẹ̀ bo ọ̀rẹ́ wọn.

Ìrọ̀lẹ́ ni Wùnmí dé, ó bá bàbá rẹ̀ nínú agbádá.

"Mùíbì ti kú," ni Kọ́ládé wí. "Wọ́n ti sin ín."

Wùnmí gbá a mọ́ra, ó sunkún, ó sì rò pé ibi ìsìnkú ló ti ń bọ̀. Kọ́ládé ò sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, kò sì sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́.

Láti ọjọ́ náà ni kò ti lọ sí Lake Arbor mọ́. Bí ọjọ́ Sátidé bá pé, Taofeek á pè é, Kọ́ládé á ní òun ń sùn. Oúnjẹ tí Wùnmí bá gbé sínú fíríìjì kó tó lọ síbi iṣẹ́, inú fíríìjì náà ló máa padà bá a. Nígbà tí ṣòkòtò bàbá rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí yọ nídìí, Wùnmí lọ bẹ ìyá ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ pé kó máa wá bá òun jókòó tì í lọ́sàn-án. Agbẹ̀bí tó ti fẹ̀yìntì ni ìyá náà, Alhaja Abibat ni wọ́n ń pè é. Oxon Hill ló ń gbé, ó ní mọ́tò, ó sì ń wà á fúnra rẹ̀ lọ́nà tó máa ń mú kí àwọn awakọ̀ yòókù yà fún un.

Ó wọlé lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó bọ́ bàtà, ó gbé abọ́ ìrẹsì síwájú Kọ́ládé.

"Bàbá Wùnmí, wọ́n ní ẹ ò jẹun."

"Ebi ò pa mí, Alhaja."

"Mi ò béèrè bóyá ebi ń pa yín."

Kọ́ládé gbé ṣíbí.

Bí wọ́n ṣe ń bá a lọ nìyẹn títí di ọ̀sán Sátidé kan tí Taofeek wọ bọ́ọ̀sì ìjọba ìbílẹ̀ wá sí Springdale, tó gbé báàgì ọ̀rá kan dání. Ó kí Alhaja, ó jókòó, ó gbé báàgì náà sórí tábìlì. Ó ní Muadh ń palẹ̀ yàrá bàbá rẹ̀ mọ́ ló bá a lábẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ, kò sì mọ ohun tó jẹ́. Ó ti kọ́kọ́ rò pé aṣọ ọmọ tuntun ni.

Kọ́ládé tú u. Dàńṣíkí mẹ́ta ló wà níbẹ̀, àǹkárá aláwọ̀ ewé, pẹ̀lú fìlà mẹ́ta. Mùíbì ti parí gbogbo rẹ̀. Lẹ́yìn aṣọ kọ̀ọ̀kan ni ihò ìrù wà, ó sì ti ká etí ihò náà dáadáa kó má baà ya.

"Ta ló ni ín?" Alhaja béèrè.

Àwọn méjèèjì wo ara wọn. Irọ́ tó bójú mu ò wá sí wọn lọ́kàn, nítorí náà wọ́n sọ òótọ́ fún un. Alhaja gbọ́ ọ títí dé òpin. Lẹ́yìn náà ó mú ọ̀kan nínú àwọn dàńṣíkí náà, ó yí i síta, ó yẹ ojú rírán rẹ̀ wò.

"Ẹni tó rán èyí mọ iṣẹ́."

"Ó mọ̀ ọ́n," ni Kọ́ládé wí.

"Kí lẹ wá ń dúró dè?"

Mọ́tò Alhaja ni wọ́n gbé lọ. Ojú ọjọ́ dára, àwọn èèyàn pọ̀ lẹ́bàá omi. Àwọn ajá méjì tó wà létí omi ò fún wọn ní wàhálà. Taofeek di orí mú, Kọ́ládé ti apá aṣọ bọ ẹsẹ̀ iwájú, Alhaja sì fa ìrù gba inú ihò rẹ̀. Ọkùnrin kan tó ń rìn kọjá dúró, ó bá wọn di fìlà kan mú títí wọ́n fi so ó, ó ní kí wọ́n ṣe ọjọ́ rere, ó bá tirẹ̀ lọ.

Ó ku ti àárín omi.

"Ọkọ̀ wà," ni Taofeek wí.

Ọkọ̀ náà jẹ́ oníke, irú èyí tí wọ́n máa ń fi ẹsẹ̀ wà bíi kẹ̀kẹ́. Ará ilé kejì sí ti Ọpẹ́ ló ni ín. Ọkùnrin náà ti rìnrìn àjò, ó sì ti ní kí Taofeek bá òun máa bomi rin àwọn òdòdó òun. Taofeek ti ń bomi rin wọ́n láìṣàárẹ̀, ó sì ka ọkọ̀ náà, tó wà lábẹ́ igi lẹ́yìn àwọn òdòdó, mọ́ ohun tó wà lábẹ́ àbójútó rẹ̀.

"Ẹ jọ̀wọ́, mi ò mọ̀wẹ̀ o," ni Alhaja wí.

"Àwa náà ò mọ̀ ọ́n," ni Kọ́ládé wí.

Alhaja rò ó wò. "Ó dáa," ó ní, ó sì wọlé sínú ọkọ̀.

Ẹ̀wù amúniléfòó kan ṣoṣo tó wà nínú ọkọ̀ náà, ti ọmọdé ni. Wọ́n fi wé báàgì aṣọ.

Kọ́ládé àti Taofeek jókòó síwájú, wọ́n ń tẹ ẹsẹ̀. Alhaja jókòó sẹ́yìn, ó gbé báàgì lé itan. Kọ́ládé, tó ti fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ wọn ilẹ̀, wo ibi tí pèpéle náà wà, ó wo igi kan ní òdìkejì, ó sì tọ́ wọn lọ tààrà. Orúnkún Taofeek ń dún. Wọ́n débẹ̀.

Alhaja ló gun orí pèpéle. Ó sọ pé ojú pákó náà le ju bẹ́ẹ̀dì ìgbẹ̀bí kan tí òun mọ̀ lọ. Àwọn méjèèjì fẹ́ sọ fún un bó ṣe máa wọ aṣọ náà, ó ní kí wọ́n dákẹ́.

"Orí ló ń kọ́kọ́ wọlé," ó ní, "lẹ́yìn náà apá. Mo ti wọṣọ fún àwọn tó ń tàpá ju èyí lọ."

Ó ń so fìlà lọ́wọ́ nígbà tí Taofeek wo ìsàlẹ̀, tó rí i pé omi ti bo bàtà òun.

"Ẹ̀gbọ́n," ó sọ fún Kọ́ládé, "ọkọ̀ yìí ń jò."

"Mo rí i."

"Ǹjẹ́ kò yẹ ká kúrò nínú rẹ̀?"

Kọ́ládé ní ó yẹ. Alhaja na ọwọ́ sí wọn, ó fà wọ́n gòkè lọ́kọ̀ọ̀kan, bàtà rẹ̀ sì jábọ́ sínú omi níbi tó ti ń fà wọ́n. Ọkọ̀ náà lọ sísàlẹ̀ jẹ́ẹ́, láìpariwo. Àwọn mẹ́ta jókòó yí ajá náà ká. Gúúsì kan wẹ̀ wá, ó wò wọ́n, ó gun orí pèpéle láti ẹ̀gbẹ́ kejì, ó sì ká ọrùn rẹ̀ kò.

"Bí àwọn òyìnbó yẹn ṣe máa ń ṣe é nìyí," ni Taofeek wí, "inú omi ló máa ń já sí."

Kọ́ládé bú sẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí ojú rẹ̀ fi ń ṣomi, ó gbìyànjú láti dákẹ́, kò lè dákẹ́. Alhaja mú un lápá aṣọ kó má baà ṣubú. Lẹ́yìn náà kì í ṣe ẹ̀rín ló ń ṣe mọ́, Alhaja ò sì fi apá aṣọ náà sílẹ̀.

Ẹnì kan ti pe àwọn panápaná. Wọ́n gbé ọkọ̀ rọ́bà wá, ọ̀dọ́mọkùnrin méjì ló wà nínú rẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn béèrè bóyá ara wọn le. Wọ́n ní ara àwọn le. Ó wo ajá náà nínú dàńṣíkí àti fìlà, ó sì béèrè bóyá tiwọn ni.

"Rárá," Kọ́ládé dáhùn lédè Gẹ̀ẹ́sì tó já gaara. "Ti ọ̀rẹ́ wa ni."

Nígbà tí wọ́n dé etí omi, Wùnmí ti wà níbẹ̀, ó ṣì wọ aṣọ nọ́ọ̀sì rẹ̀. Ó kí Alhaja, ó kí Taofeek, ó ṣílẹ̀kùn mọ́tò fún bàbá rẹ̀. Alhaja ní òun lè wa mọ́tò òun láìwọ bàtà, ó sì gbé Taofeek lọ sílé.

Wọ́n ti rìn díẹ̀ kí Wùnmí tó lanu.

"Mo ń jẹun lọ́wọ́ níbi iṣẹ́, Daddy. Ẹnì kan fi fọ́tò kan hàn mí lórí fóònù, ó ní kí n wo àwọn arúgbó kan lórí omi. Mo ń rẹ́rìn-ín. Mo ti ń rẹ́rìn-ín kí n tó rí i pé ẹ̀yin ni."

Kọ́ládé ń wo iwájú.

"Tẹ́ ẹ bá kú sínú omi yẹn nítorí ajá oníke, kí ni mo máa sọ fún àwọn èèyàn n'Ìbàdàn?"

"Kó o sọ fún wọn pé ajá náà ti wọṣọ."

Iná ojú ọ̀nà pọ́n, Wùnmí dúró. Kọ́ládé fa bùláńkẹ́ẹ̀tì tí àwọn panápaná fún un mọ́ra.

"Mi ò sí níbẹ̀ nígbà tí wọ́n sin Mùíbì," ó ní.

"Ẹ sọ fún mi pé..."

"Mo ní wọ́n ti sin ín. Ohun tí mo sọ nìyẹn. Mo wọṣọ, mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Kò sẹ́ni tó wá."

Iná ti di aláwọ̀ ewé. Mọ́tò tó wà lẹ́yìn fun fèrè, ó tún fun ún lẹ́ẹ̀kan sí i kí Wùnmí tó gbéra.

"Fóònù mi ò sí lọ́wọ́ mi," ó sọ nígbà tó yá.

"Mo mọ̀."

"Kí ló dé tẹ́ ò fi sọ fún mi, Daddy?"

"Iṣẹ́ lo wà. Ó rẹ̀ ọ́ nígbà tó o dé. Kí ni mo fẹ́ sọ?"

Lọ́jọ́ kejì, obìnrin kan tó ń jẹ́ Michelle, alága ẹgbẹ́ àwọn onílé, lọ bá Taofeek nílé. Ó ní òun wá nípa ọ̀rọ̀ àwọn kàyótì. Taofeek ní àwọn ti ń retí rẹ̀. Michelle ní àwọn gúúsì ò bẹ̀rù wọn rárá báyìí. Taofeek ní wọn ò bẹ̀rù wọn tẹ́lẹ̀ náà. Michelle gbà pé bẹ́ẹ̀ ni. Ó béèrè ẹni tó rán aṣọ náà, nítorí pé àwọn èèyàn ń béèrè lọ́wọ́ òun. Taofeek sọ fún un. Michelle ní ìgbìmọ̀ máa jíròrò lórí rẹ̀ kí àwọn tó bọ́ ọ. Ìgbìmọ̀ náà ṣì ń jíròrò.

Nígbà tí ẹni tó ni ọkọ̀ dé láti ìrìn àjò, Taofeek kọ́kọ́ sọ fún un pé àwọn òdòdó rẹ̀ wà ní àlàáfíà.

Alhaja ò ṣíwọ́ wíwá. Ó di pé lọ́jọ́ Sátidé òun ló ń gbé Kọ́ládé lọ sí Lake Arbor, òun náà á sì jókòó wo eré náà. Kò fẹ́ràn rẹ̀. Ó ní àwọn arúgbó yẹn nílò ẹni tó máa bá wọn wí. Lọ́jọ́ tí Taofeek fẹ́ sọ fún un pé àga Mùíbì ló jókòó sí, Kọ́ládé mi orí sí i, Taofeek sì yíjú padà sí tẹlifíṣọ̀n.

Nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn ti ọkọ̀ yẹn, Wùnmí dé láti ibi iṣẹ́ láàárọ̀. Gbogbo òru ló fi dúró lórí ẹsẹ̀. Dípò kó lọ sùn, ó dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn yàrá bàbá rẹ̀, kọ́kọ́rọ́ mọ́tò ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Daddy, ẹ wọ bàtà yín. Muadh ti júwe ibẹ̀ fún mi."

Ilẹ̀ ìsìnkú náà tẹ́ pẹrẹsẹ, kò ní igi púpọ̀. Sàréè Mùíbì kò tíì ní òkúta, àmì kékeré kan ni wọ́n rì mọ́lẹ̀ síbi orí. Wùnmí ní òun máa dúró nínú mọ́tò. Kọ́ládé lọ dá dúró níbẹ̀, ó ṣí fìlà rẹ̀. Ọmọ ìjọ Áńgílíkà ni, kò mọ àdúrà tí wọ́n ń gbà fún Mùsùlùmí, nítorí náà ó gba èyí tó mọ̀.

Lẹ́yìn náà ó ròyìn fún un. Ó sọ ti Alhaja, ó sọ ti ọkọ̀, ó sọ ohun tí panápaná béèrè. Ó ní aṣọ náà bá àwọn ajá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta mu, àfi fìlà ti àárín omi tó wọ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó dé e ló jẹ̀bi, kì í ṣe télọ̀. Ó dúró díẹ̀ sí i, ó dé fìlà, ó padà.

Wùnmí ti sùn lọ lórí àga awakọ̀, ó ti la ẹnu sílẹ̀ díẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe nígbà tó wà lọ́mọdé. Kọ́ládé wọlé sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó pa ilẹ̀kùn dé pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ọkùnrin kan ń gé koríko lọ́ọ̀ọ́kán, ó ń lọ, ó ń bọ̀. Kọ́ládé ń wò ó, kò sì jí ọmọ rẹ̀.